Bí ẹ ṣe lè fi bírò àti ìwé mọ̀ pé práìmù ni 2147483647

Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 lọ́jọ́ náà ní Ìṣẹ́yìn. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi la gbé sórí tábìlì. Mo kọ 2147483647 sójú bọ́ọ̀dù, mo ní práìmù ni. Ọmọkùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn ní, "Mà, ta ló pín in wò?" Mo ní kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Mà?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ti ń sọ ọ́ níwájú kíláàsì láti ọdún pípẹ́, mi ò sì tíì fọwọ́ ara mi kàn án rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìwé ẹlẹ́wé ọgọ́ta kan, láì fọwọ́ kan kakulétọ̀. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹni tó bá mọ ìsọdipúpọ̀ àti pínpín dáadáa lè ṣe é.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń wá. Práìmù, tí àwọn ìwé kan ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, ni nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín kó má ṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. 7 jẹ́ práìmù, 31 jẹ́ práìmù. 2147483647 tiwa yìí, ibi tó ti wá ni pé ẹ mú 2, kí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí tí 2 yóò fi pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni 2147483648. Ẹ wá yọ ẹyọ kan. Bí àwa náà ṣe ń ka mọ́kàndínlógún nìyẹn: a dé orí ogún, a yọ ọ̀kan. 2³¹ dín ọ̀kan ni nọ́ńbà yìí.

Ẹ má rò pé gbogbo irú rẹ̀ ló ń jẹ́ práìmù. 2¹¹ dín ọ̀kan jẹ́ 2047, 23 lọ́nà 89 ló sì jẹ́. Cataldi, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, kọ̀wé ní 1603 pé 23, 29, 31 àti 37 ló ń fún wa ní práìmù bí a bá fi wọ́n ṣe irú ìṣirò yìí. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 31 nìkan ló bọ́ sí i. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn ní 1640 pé 23 àti 37 kò rí bẹ́ẹ̀; Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ló sì já 29, nítorí 2²⁹ dín ọ̀kan jẹ́ 233 lọ́nà 1103 lọ́nà 2089. Nígbà tó di 1772, Euler yìí kan náà kọ̀wé sí Daniel Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, láti St. Petersburg pé òun ti yẹ 2147483647 wò, práìmù ni. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà tí tọ́ọ̀ṣì mi bá ń ṣe bàìbàì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí a máa dé ká tó dúró. Bí nọ́ńbà kan bá ṣeé pín, àwọn méjì tó pàdé láti bí i kò lè tóbi jù pa pọ̀: ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéré. 46340 lọ́nà 46340 jẹ́ 2147395600, kò tíì dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà wa. 46341 lọ́nà 46341 jẹ́ 2147488281, ó ti kọjá rẹ̀. Nítorí náà, bí ohun kan bá wà tó lè pín in, práìmù kan tí kò ju 46340 lọ gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Bí ẹ bá dé 46340 láì rí i, kò sí mọ́.

Ṣùgbọ́n práìmù tó wà lábẹ́ 46340 lé ní 4,700. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín nọ́ńbà onídígíìtì mẹ́wàá, àárẹ̀ á mú un kó tó débì kan, àṣìṣe á sì wọlé. Ibí ni ọgbọ́n Euler ti wúlò, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Ilé aláṣọ òfì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bí bàbá mi bá ń hun aṣọ, ó máa ń ka òwú. Ìgbà tí òwú bá ti padà sí àwọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀, kò nílò láti ronú mọ́, torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lókè ló máa tún ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ gẹ́lẹ́. Àṣẹ́kù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú 23. Ẹ máa sọ 2 di ìlọ́po méjì, bó bá ti ju 23 lọ, ẹ yọ 23 kúrò. Ẹ máa rí 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12, 1. Ó dé 1 ní ìṣísẹ̀ kọkànlá, lẹ́yìn náà ó tún di 2, 4, 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́, ẹ má kàn kà á. Torí pé 2¹¹ ṣẹ́ku 1, 2¹¹ dín ọ̀kan kò ṣẹ́ku nǹkan kan: ìyẹn ló fà á tí 23 fi pín 2047.

Ẹ wá gbé e bọ́ sórí tiwa. Ká ní práìmù kan wà, ká pè é ní q, tó pín 2³¹ dín ọ̀kan. A jẹ́ pé 2³¹ ṣẹ́ku 1 lọ́dọ̀ q. Ìyípo àṣẹ́kù q gbọ́dọ̀ wọ inú 31 láìṣẹ́kù, 31 sì jẹ́ práìmù, nítorí náà ìyípo náà jẹ́ 31 gan-an (kò lè jẹ́ 1, torí 2 fúnra rẹ̀ kò ṣẹ́ku 1). Fermat sì ti kọ́ wa pé lọ́dọ̀ práìmù q yòówù tó bá ju 2 lọ, bí 2 bá pé q dín ọ̀kan nínú ìsọdipúpọ̀ náà, 1 ló máa ṣẹ́kù. Lọ́dọ̀ 23, ìyẹn ni 2²², ìyípo mọ́kànlá lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà ìyípo 31 gbọ́dọ̀ wọ inú q dín ọ̀kan. q kì í ṣe nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, torí náà q dín ọ̀kan ṣeé pín sí méjì. Tí 31 bá wọ̀ ọ́, tí 2 náà wọ̀ ọ́, 62 wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kí q tó lè pín nọ́ńbà wa, tí a bá fi 62 pín q, 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Gbogbo práìmù yòókù ti jábọ́, láì pín nǹkan kan.

Ẹ lè dán an wò lára àwọn tó ti já kulẹ̀. 2047: 23 jẹ́ 22 lé 1, 89 jẹ́ 88 lé 1. 233, 1103 àti 2089 tó pín ti 29: fi 58 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1 ló máa ṣẹ́kù. Nígbà tí mo ṣe èyí níwájú àwọn ọmọ náà, ariwo ni wọ́n pa.

Euler tún gé e kù sí ìdajì. Bí 2³¹ bá ṣẹ́ku 1, 2³² ṣẹ́ku 2. 2³² sì jẹ́ 2¹⁶ lọ́nà ara rẹ̀. A jẹ́ pé nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé bí a bá sọ ọ́ dípúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, 2 ló máa ṣẹ́kù lọ́dọ̀ q. Kì í ṣe gbogbo práìmù ló ń gbà bẹ́ẹ̀. 7 gbà: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, ó ṣẹ́ku 2. 17 gbà, nítorí 6 lọ́nà 6. 23 gbà, nítorí 5 lọ́nà 5. 31 gbà, nítorí 8 lọ́nà 8. Ẹ wá a lọ́dọ̀ 11, 13 àti 19 títí, ẹ ò ní rí i. Òfin rẹ̀ ni pé práìmù tó bá gbà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 tàbí 7 bí a bá fi 8 pín in. Ẹ̀rí òfin yìí gùn, mo fi í sílẹ̀ níbí. Inú ìwé ìṣirò yunifásítì ni ẹ ti máa rí i ní kíkún.

Ẹ da òfin méjèèjì pọ̀, ọ̀wọ́ méjì péré ló kù. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní: ẹ máa fi 248 kún 1, ẹ máa rí 249, 497, 745, 993, 1241, 1489, títí dé 46129. Ọ̀wọ́ kejì: ẹ máa fi 248 kún 63, ẹ máa rí 311, 559, 807, 1055, 1303, 1551, 1799, 2047, títí dé 46191. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 186. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 372. Láti ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ti dé 372.

Ẹ la ìwé yín sí ọ̀wọ́ méjì, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ìlà láti 1 dé 186. Kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, ẹ fagi lé àwọn tí 3, 5 tàbí 7 lè pín, torí wọn kì í ṣe práìmù. Ẹ ò ní láti pín wọn wò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà wọn ń tẹ̀lé ara wọn bí àwọ̀ òwú. Ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, 3 bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 1, ẹ máa fo mẹ́ta mẹ́ta: 1, 4, 7. Ti 5 bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 3, ti 7 ní ìlà 2. Ní ọ̀wọ́ kejì, ti 3 bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 3, ti 5 ní ìlà 4, ti 7 ní ìlà 7. Bí ẹ bá ṣe é tán, 84 ló máa kù ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, 85 ní ìkejì. Bí iye yín bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ ti fo ìlà kan. Ẹ padà wá a kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Èmi rí 86 nígbà àkọ́kọ́, ìlà 89 ní ọ̀wọ́ kejì ni mo gbàgbé láti fagi lé.

Ó ku 169. Ní báyìí, ìdánwò.

Ẹ má fi wọ́n pín 2147483647. Ọ̀nà tó kúrú wà. 2¹⁶ jẹ́ 65536, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè ojú ìwé, torí òun lẹ máa lò fún gbogbo wọn. Ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ń dán wò pín 65536, ẹ mú àṣẹ́kù. Ẹ sọ àṣẹ́kù náà dípúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ tún fi nọ́ńbà yẹn pín in. Bí 2 bá ṣẹ́kù, ẹ ti rí ohun tó pín 2147483647, a jẹ́ pé 2147483647 kì í ṣe práìmù. Bí ó bá jẹ́ ohunkóhun mìíràn, nọ́ńbà yẹn ti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe 311 pọ̀. 311 lọ́nà 210 jẹ́ 65310, ó ku 226. 226 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 51076. 311 lọ́nà 164 jẹ́ 51004, ó ku 72. Kì í ṣe 2. Ẹ fagi lé 311.

Ọ̀nà tó tún rọrùn ju ìyẹn lọ wà, òun ni mo fẹ́ràn jù torí pé bí a ṣe ń kà ní Yorùbá ló rí. Dípò kí ẹ máa wo ohun tó lé, ẹ wo ohun tó dín. 311 lọ́nà 211 jẹ́ 65621. 65536 dín ní 85 sí i. 85 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 7225, 311 lọ́nà 23 jẹ́ 7153, ó ku 72. Èsì kan náà, iṣẹ́ tó kéré. Nígbàkígbà tí àṣẹ́kù bá ju ìdajì nọ́ńbà tí ẹ ń dán wò lọ, ẹ lo èyí tó dín.

1489 ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn. 1489 lọ́nà 44 jẹ́ 65516, ó ku 20 péré. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400. Ó tán. 1303 le díẹ̀: 1303 lọ́nà 50 jẹ́ 65150, ó ku 386, 386 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 148996, 1303 lọ́nà 114 jẹ́ 148542, ó ku 454.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí 1303 yẹn, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Ọmọbìnrin kan tó ń bá mi ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kan kọ 148896 dípò 148996. Ìṣirò rẹ̀ parí sí 354. Kì í ṣe 2, torí náà ó fagi lé e, ó sì tẹ̀síwájú. Ẹ wò ó: èsì náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò tọ́. Àṣìṣe tó bá mú wa rí 2 níbi tí kò sí, a ó padà yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá bo 2 mọ́lẹ̀ ló burú, torí a ò ní mọ̀ láé, gbogbo ẹ̀rí wa ti wó nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má fi ìsọdipúpọ̀ kankan sílẹ̀ láìdán an wò pẹ̀lú 9. Ẹ ro dígíìtì rẹ̀ pọ̀ títí tí yóò fi ku ẹyọ kan. 386: 3 àti 8 àti 6 jẹ́ 17, 1 àti 7 jẹ́ 8. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, ìyẹn 10, ìyẹn 1. 148996 náà gbọ́dọ̀ di 1: ó jẹ́ 37, ó di 10, ó di 1. 148896 jẹ́ 36, ó di 9. Àṣìṣe náà hàn. Ìdánwò yìí kì í mú ẹni tó gbé dígíìtì méjì pààrọ̀ ipò, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo tún ti fi 11 dán an wò nígbà tí nọ́ńbà bá ti gùn.

Mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lálẹ́ kan ti tó. Ẹ má ṣe é nígbà tí oorun bá ń kùn yín.

Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà mìíràn, Lucas, ará Faransé, rí ọ̀kan tí kò nílò pé ká máa wá ohun tó ń pín in rárá, Lehmer, ará Amẹ́ríkà, sì tún un ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ sọ ọ́ dípúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ mú àṣẹ́kù lọ́dọ̀ nọ́ńbà tí ẹ ń dán wò. Fún 127, tó jẹ́ 2⁷ dín ọ̀kan, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún: 4, 14, 67, 42, 111, 0. Ó dé 0, práìmù ni. Fún tiwa, ìṣísẹ̀ 29 ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà onídígíìtì mẹ́wàá lẹ máa sọ dípúpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Mo gbìyànjú rẹ̀ dé ìṣísẹ̀ kẹfà, mo fi í sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni kọ̀ǹpútà ń lò láti fìdí irú práìmù báyìí múlẹ̀, títí kan èyí tí a kéde ní oṣù kẹwàá 2024, 2 tí ó pé 136279841 nínú ìsọdipúpọ̀, dín ọ̀kan. Dígíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320.

Àwọn ọmọ mi bi mí pé kí ni tiwa wúlò fún. Òun ni nọ́ńbà tó tóbi jù tí àyè oníbíìtì 32 lè gbà nínú kọ̀ǹpútà (bíìtì kan ni ojú kan tó ń gba 0 tàbí 1 péré), bí a bá ya bíìtì kan sọ́tọ̀ fún àmì àfikún tàbí àyọkúrò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sínú irú àyè bẹ́ẹ̀. Àyè náà máa kún ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2038, ní 04:14:07 àárọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tí wọn kò bá tún ṣe á sì ṣi ọjọ́ kà. Ìyẹn kan ìwọ̀n rẹ̀. Pé ó jẹ́ práìmù wúlò níbòmíràn: ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ dípúpọ̀ pẹ̀lú 16807, ẹ mú àṣẹ́kù lọ́dọ̀ 2147483647, kí ẹ tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa rí 16807, 282475249, 1622650073, wọn á máa fò káàkiri bí ẹni pé wọn kò ní ètò, gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2147483646 ló sì máa jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí 1 tó padà. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti lo èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún láti bá wọn ṣẹ́ kèké nọ́ńbà. Àpẹẹrẹ òfì tó nílò òwú tó lé ní bílíọ̀nù méjì kó tó yípo.

Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé yín máa jẹ́ 46129 ní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní. 46191 ti lọ, torí 3 pín in. 46129 kì í ṣe práìmù náà, 163 lọ́nà 283 ni, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò bákan náà, kò pa ẹ̀rí lára. 65536 dín 46129 jẹ́ 19407. 19407 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 376631649. 46129 lọ́nà 8164 jẹ́ 376597156. Ó ku 34493.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ 34493 yẹn. Mo fàlà sábẹ́ rẹ̀, mo kọ déètì sí i, mo sì gbé ìwé náà sínú báàgì mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ níwájú kíláàsì. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí i sí ojú ewé àárín, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìlà 97 wò.